Ìbọn Kọ̀, Wọ́n Ní Kí N Lọ Bi Ìyàwó Mi

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ ogbó, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan gígùn kọ́ èjìká kọjá níwájú mi, ìbáà jẹ́ agboorùn, mo máa ń yà fún un. Àwọn ọmọ mi rò pé ọ̀wọ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ rárá. Ẹ̀rù ni, ohun tó sì dá ẹ̀rù náà sí mi lára ni ìbọn kan tí mo fi owó ara mi rà, tí mo tún fi ẹnu ara mi yìn káàkiri ìlú.

Ọdẹ ni bàbá mi nílùú Ìlá. Nígbà tí òyìnbó ṣì wà lórí àlééfà ló ra ìbọn òyìnbó ẹlẹ́nu méjì kan, tí ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ tẹ àwòrán ẹtu sí lára irin rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹtu yẹn, ẹ ó rí ìwo, ẹ ó rí etí, ẹ ó rí ojú tó ń wò yín bíi pé ó fẹ́ sá. Ìbọn náà wúwo bí ọmọ odó. Ó ti bọ́ sódò rí, òjò ti pa á, ògiri ti wó lé e lórí, síbẹ̀ n kò gbọ́ ọ rí pé bàbá mi fà á kí ó má dún. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, ọlọ́pàá sì fún mi níwèé àṣẹ.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kòkó, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo sì ń wọ̀. Àsìkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa pọ́n-ùn tì, tí a ń kọ́ bí a ṣe ń ná náírà, ni mò ń wí yìí. Gbogbo nǹkan tuntun ló ń dán nígbà náà: redíò ń dán, kẹ̀kẹ́ ń dán, bàtà àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ń dán. Ìbọn bàbá mi nìkan ni kò dán. Òógùn àti epo ti sọ igi ìdí rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí mo bá gbé e lọ sígbó pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọdẹ lọ́jọ́ Sátidé, ojú á máa tì mí bí ẹni tó gbé ọpọ́n ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan wà tó ń jẹ́ Làmídì. Awakọ̀ ni, ọ̀nà Ìlá sí Ọ̀tan Ayégbajú ló ń ná. Òun náà fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe, ṣùgbọ́n ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ló ń lò. Lọ́jọ́ tí àwọn ará ilé ìyàwó mi wá kí wa kú ọwọ́ lómi fún ọmọ wa kejì, mo fẹ́ ṣe bí ọlọ́lá. Mo gbé ìbọn bàbá mi jáde, mo nà án sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba irin àtijọ́ yìí, ẹ máa fi ṣeré.”

Làmídì wo ìbọn, ó wo mí. “Àna mi, ṣé ara yín dá ṣáṣá?”

“Ara mi dá. Tuntun ni mo fẹ́ rà.”

Ó yíjú sí ìyàwó mi. “Ràfátù, ṣé o gbọ́? Ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Ọkọ rẹ ní kí n gbà, mi ò tọrọ o.” Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ìbọn ti wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti ń gun òkè lọ.

Mo ta kòkó oko mi ti ọdún yẹn, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo sì wá ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìbọn lọ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi òróró pa irun, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju irun rẹ̀ lọ. “Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, bàbá. Àmì kan náà. Ti ìsinsìnyí tilẹ̀ dára jù, ó fúyẹ́, kò ní dá yín lápá.” Lóòótọ́ ó fúyẹ́. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ tó fi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ ti gba ojú mi.

Nígbà tí mo délé, mo tú u sórí tábìlì. Ìyá Fẹ́mi, ìyẹn Ràfátù ìyàwó mi, gbé ọmọ pọ̀n, ó sún mọ́ ọn, ó sì tẹjú mọ́ àmì ara rẹ̀.

“Ewúrẹ́ ta ni wọ́n yà síbí?”

“Ẹtu ni.”

“Ẹtu kẹ̀? Bàbá Fẹ́mi, èmi ti se ẹtu rí. Ewúrẹ́ nìyí. Ó tilẹ̀ jọ pé ó lóyún.”

Mo ní obìnrin ò mọ̀bọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e, òróró tí wọ́n fi pa igi ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo sì mì ín, mo gbọ́ ohun kan tó ń ró woroworo nínú rẹ̀. Mo ní bóyá ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò dán an wò. Láàrin àwa ọdẹ ibí, a kì í dán ìbọn tuntun wò nílé. Inú igbó ni ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti jáde, lójú ẹgbẹ́. Àṣà yìí dára púpọ̀ fún àwọn tó ń ta ìbọn.

Nígbà tí ọyẹ́ mú ewé gbẹ tán, ẹgbẹ́ ọdẹ lọ dẹ igbó lápá ọ̀nà Ìgbájọ, Làmídì náà sì bá wa lọ. Láti ilé dé oko, ẹnu mi kò sinmi. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó ní etí pé ẹran tó bá yọjú lónìí, kó ti kí àwọn ará ilé rẹ̀ pé ó dìgbà. Baba Olúọdẹ, àgbàlagbà tó ti jẹ́ olórí ọdẹ kí wọ́n tó bí mi, wo ìbọn mi láti òkè dé ilẹ̀.

“Ọmọ mi, èyí dán o. Ẹran á ti rí i kí ìwọ tó rí ẹran.”

“Baba, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ti bàbá mi ló ṣe é.”

“Ìyá kan náà lè bí olè,” ni baba wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

A finá sí apá kan igbó, a sì tò sí apá kejì. N kò dúró pẹ́ tí igbó fi ya níwájú mi, tí akọ ìmàdò kan jáde. Ẹran náà tóbi, ó léyín, inú sì ń bí i. Mo gbé ìbọn sójú, mo fi ìka fà á.

Kà.

Bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná ni. Mo fa ti ẹnu kejì. Kà. Ìmàdò dúró, ó gbé orí sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń retí kí n ṣàlàyé ara mi. Nígbà tí kò rí àlàyé, ó kọlù mí. Mo ju ìbọn sílẹ̀, mo gun igi obì kan tó wà lẹ́yìn mi. Èmi tí n kò gun igi láti kékeré! Ibi tí mo dì mọ́ ni àwọn tanpẹ́pẹ́ kọ́lé sí. Wọ́n wọ inú ṣòkòtò mi, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tó bá dé. Nísàlẹ̀, ìmàdò fi imú ti ìbọn mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn, ó wá dúró sídìí igi dè mí.

“Ẹ gbà mí o!” ni mò ń ké.

Gbàù! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìmàdò ṣubú. Làmídì yọ láti inú èéfín, ìbọn bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn tó dúdú bí ìdí ìkòkò yẹn. Ó gbójú sókè wò mí, ó kí mi bí a ṣe ń kí ọdẹ.

“Àna mi, àrìnpa o! Àbí àgùnpa ni ká máa kí yín báyìí?”

Bó bá parí síbẹ̀, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó yí ẹran náà ká, tí mo ń họra, Ọdẹwálé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọdẹwálé yìí, ìyàwó mẹ́ta ló ní, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọkùnrin mẹ́ta. Ó ní, “Ìbọn òyìnbó tuntun kì í kọ̀ lásán. Ilé ńkọ́?”

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn àgbà ọdẹ gbà pé bí ìyàwó ọdẹ bá ń yan àlè nílé, ìbọn ọkọ rẹ̀ kò ní dún nígbó. Nítorí náà, bí ìbọn bá kọ̀, wọn kì í tú ìbọn wò. Ìyàwó ni wọ́n ń tú wò.

Làmídì dìde. “Ta ni ẹ ń bi léèrè ilé? Àbúrò mi ló wà nílé yẹn.”

“A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni,” ni Ọdẹwálé wí. “Ìbọn ló sọ̀rọ̀.”

“Ìbọn wo ló sọ̀rọ̀? Ṣebí torí pé kò sọ̀rọ̀ la ṣe jókòó síbí!”

Baba Olúọdẹ gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kí ìyàwó mi wá síwájú ilé òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó wá fẹnu kan irin, kó sì búra. Bí kò bá lè búra, kó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀tan.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ níbẹ̀: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjà burúkú ni mo rà.” Ó dé orí ahọ́n mi, ó sì padà. Mo ti fọ́nnu láti ilé dé oko. Láàrin kí wọ́n fi èmi ṣẹlẹ́yà àti kí wọ́n fi ìyàwó mi ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹnu mi yan ìdákẹ́jẹ́. Ẹ máa rántí pé tanpẹ́pẹ́ ṣì wà nínú ṣòkòtò mi. Èèyàn kì í ronú dáadáa báyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ti délé ṣáájú mi. Ràfátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Fẹ́mi. Wọ́n ní mò ń yan àlè.”

“Èmi kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.”

“Kí ni ẹ̀yin wá sọ?”

Mo họ itan mi. “Mi ò sọ nǹkan kan.”

“Mo gbọ́ ìyẹn náà.” Ó dìde. “Ìbọn tó ń ró woroworo bí ṣaworo ọmọdé, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tí ewúrẹ́ olóyún wà lára rẹ̀. Ó kọ̀, èmi lẹ wá ń wò. Ó dáa. A jọ ń lọ lọ́la.”

Kí n má purọ́, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti ìmàdò lọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì di ti àwọn ọmọ méjèèjì mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iwájú ilé Baba Olúọdẹ kún bí ọjà. Àwọn ọdẹ jókòó lápá kan, ìyàwó wọn dúró lápá kejì, Làmídì sì jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti yí orí rẹ̀ sí ọ̀nà Ọ̀tan. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi ńlá kan, mo gbé ìbọn náà dání, ọta àná ṣì wà nínú rẹ̀. Baba gbé irin kalẹ̀. Ràfátù kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ẹ kúulé, Baba. Màá búra. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí n tó búra, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin mìíràn yìn ín wò. Bó bá dún lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mo ti lọ. Bí kò bá dún, ẹ bi ìyàwó tirẹ̀ náà léèrè.”

Baba Olúọdẹ họ irùngbọ̀n. “Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdẹwálé, ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Dìde, yìn ín sí ààtàn ọ̀hún.”

Ọdẹwálé tó dìde lẹ́ẹ̀kan náà tún rọra jókòó. “Baba, èjìká mi yìí ń dùn mí láti àná.”

Láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ìyálé rẹ̀ ké sí i: “Èjìká wo? Èjìká tí ẹ fi gbé itan ìmàdò wálé lálẹ́ àná ńkọ́? Ẹ yìn ín, ọkọ mi! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò yín.”

“Ẹ yìn ín o!” ni àwọn ìyàwó kejì àti ìkẹta gbè é.

Ọdẹwálé wo ilẹ̀. Ọdẹ tó jókòó tẹ̀ lé e ní ojú òun kò ríran ní òwúrọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ní òun kò tíì jẹun. Òmíràn rántí pé òun so ewúrẹ́ mọ́ ibi tí kò dára, ó sì lọ tú u, kò padà. Àwọn ọkùnrin tó ń dojú kọ ẹfọ̀n! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ fọwọ́ kan ìbọn ewúrẹ́ mi. Kàkà kí ìbọn náà pa ẹran, ìyàwó ló ń tú wò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó máa rí.

Inú bí Baba Olúọdẹ. “Ẹ gbé e wá. Ìyá Àgbà ńkọ́?”

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá, ó tẹ ọ̀pá, eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. “Mo wà níbí. Ẹ yìn ín, ẹ má bẹ̀rù.”

Baba na ìbọn sí ààtàn. Ó fà á.

Kà.

Ó fa ti ẹnu kejì. Kà.

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú baba. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó pàtẹ́wọ́.

“Háà! Ta ni wọ́n ní ó ń fẹ́ mi o? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi kíá, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!”

Ẹ̀rín bú. Àwọn obìnrin ń gbá ara wọn mú. Ojú ti baba, ó fi ìbínú ju ìbọn náà sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kanlẹ̀. Gbàù! Ìbọn tí a bẹ̀ nígbó, tí a bẹ̀ nílé, ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Fìlà mi fò kúrò lórí mi. Àmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọ́ yángá, omi dà lé mi lórí, mo sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń jẹ́wọ́ ohun gbogbo tí n kò ṣe. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi lórí mi, ó ń fọwọ́ pa mí lórí láti wò ó bóyá mo ṣì wà lódindi.

“Ṣé ẹ wà láàyè?”

“Ọjà burúkú ni mo rà,” ni mo wí. Gbólóhùn náà ti jáde níkẹyìn. Omi tutù ló lé e jáde.

Ohun kékeré kan fò jáde lára ìbọn nígbà tó kanlẹ̀. Làmídì gbé e sókè fún gbogbo èèyàn. Irin wíńníwínní kan ni, ó tín-ín-rín bí irin agboorùn, ó sì ti dá sí méjì. “Ẹ wá wo àlè o!” ló ń pariwo. “Mo ti mú un! Ọkùnrin tó ń yọ ilé àna mi lẹ́nu nìyí!”

Baba Olúọdẹ ní irin tí òun gbé kalẹ̀ kò ní lọ lófo. Èmi ni wọ́n ní kí n fẹnu kàn án, kí n búra pé bí irin kankan bá tún kọ̀ fún mi láyé, ìbáà jẹ́ ọkọ́, ìbáà jẹ́ kẹ̀kẹ́, irin náà ni n ó bi léèrè. Mo búra. Ràfátù tú ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú u lọ́jọ́ yẹn. Ó jẹ́ kó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, kí n máa fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Mo gbé ìbọn padà lọ sí Ìbàdàn, òun náà sì bá mi lọ. Onírun òróró gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀. “Bàbá, ọjà wa kì í kọ̀. Ọdẹ ni yín, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ṣé ilé yín dára?”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́! Ilé-iṣẹ́ òyìnbó rọ irin tí kò tó fi yọ ẹ̀gún, ọmọ Yorùbá tó ń tà á sì ti mọ̀ pé ìyàwó wa ló máa gba ẹ̀bi. Ta ló tún máa tún irin rọ dáadáa? Ràfátù gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i. “Tìrẹ ńkọ́, ọ̀gá? Gbà. Yìn ín.” Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ojú bíi pé ejò ni. Kò yìn ín, kò sì dá owó padà.

Mo tọ Làmídì lọ, mo fẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbọn bàbá mi. “Ẹ̀gbọ́n, irin àtijọ́ yẹn...” “Àna mi,” ló dáhùn, “mo ṣì ń fi ṣeré.” Títí di òní ló ń fi ṣeré. Bó bá ti pa ẹran, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú títì àti ata púpọ̀.

Ìbọn Ìbàdàn wà níbi tó yẹ ẹ́. A yọ ọta inú rẹ̀, a fi ṣe ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ń ṣọ́ ewúrẹ́. Èmi sì ti kọ́gbọ́n: àmì ara ọjà kì í yìnbọn, ọwọ́ tó rọ ọ́ ni kí èèyàn bi léèrè, ẹni tí ọjà rẹ̀ bá sì kọ̀, kí ó tú ọjà náà wò kó tó yíjú sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Ràfátù kì í bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Kò nílò rẹ̀. Bí àlejò bá wá, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ara mi, tí ohùn mi ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, á kàn gbójú sókè láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, á fi ahọ́n kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kà.

Èmi á sì dákẹ́, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bí ibi tí tanpẹ́pẹ́ ti jẹ mí ṣe ń yún mi.